Etí Aṣọ Tí Wọ́n Fi So Ọwọ́

Àlùmọ́gàjí náà tún yà kúrò lójú ìlà. Ìyá Aránṣọ ti gbọ́ ọ kó tó rí i, nítorí ẹni tó ti fi ogójì ọdún gé aṣọ á mọ ìró ibi tó tọ́ yàtọ̀ sí ti ibi tó wọ́. Ó gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró ti tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di àlùmọ́gàjí mú bí ẹni tó di ejò mú, ó sì ti ba apá kan jẹ́ lára aṣọ oníbàárà.

"Ó tún ti yà, Màmá."

"Gbé e wá. Màá wá ọgbọ́n dá sí i."

Ọgbọ́n yẹn ló ti ń dá láti ọdún mọ́kànlá tí ọmọ náà ti ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ká sọ tòótọ́, ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ ò sì kú. Ọwọ́ ni ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Àwọn oníbàárà ní kò ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ni, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá nìkan ló mọ ohun tó fà á, kò sì jẹ́ sọ ọ́.

Nígbà tí ọmọ yìí wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Á mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sí aṣọ, á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa ya àwòrán. Tó bá ya adìẹ, o fẹ́rẹ̀ẹ́ lè lé e kó máa sá lọ. Ó ya oníbàárà kan lọ́jọ́ kan, obìnrin náà bínú lọ, torí pé àwòrán ọ̀hún jọ ọ́ jù. Tíṣà ló kọ́kọ́ figbe ta. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá, ó ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àbí ta ló fẹ́ fẹ́ ọlọ́wọ́ òsì? Àwọn ọmọ kíláàsì gbọ́, wọ́n sọ ọ́ dorin. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní kó ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó síbòmíràn. Ìyá wá gé etí aṣọ kan, ó fi so ọwọ́ òsì ọmọ mọ́ ìgbànú rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń so ó, fún odindi ọdún kan.

Ọmọ gbọ́ràn. Ó fi ọ̀tún kọ̀wé, kò sí ẹni tó lè kà á, wọ́n ní kò mọ̀wé, wọ́n sì mú un kúrò nílé ìwé. Kò ya adìẹ kankan mọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Méjèèjì ni Ìyá fi bá a wí, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù.

Aago méjì ọ̀sán ni Kékeré, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti ilé ìwé dé. Ó mú lẹ́tà kan dání láti ọ̀dọ̀ tíṣà rẹ̀ tuntun. Ọmọ Ìyá, tó bí Kékeré, gbà á, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. "Ọmọ yín mọ àwòrán yà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lo ọwọ́ òsì rẹ̀. Mo fẹ́ máa kọ́ ọ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá jáde. Tí ẹ bá gbà, kí ẹ buwọ́ lu ìwé yìí."

Àwòrán kan wà nínú lẹ́tà náà. Adìẹ ni. Ìyá dá ẹ̀rọ dúró.

Ọmọ rẹ̀ fa lẹ́tà àti àwòrán ya pọ̀. "Tíṣà ìwòyí! Kì í ṣe ọmọ tirẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ṣa etí aṣọ kan nílẹ̀, ó fa Kékeré mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ọwọ́ òsì mọ́ ìgbànú.

"Fi ọmọ yẹn sílẹ̀," ni Ìyá wí.

"Kí n fi í sílẹ̀? Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ so tèmi? Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí nígbà tí gbogbo ayé ń fi mí ṣẹ̀sín." Ó gbójú sókè. "Àbí ohun tí ẹ ṣe yẹn ò dáa ni?"

 Tí Ìyá bá sọ pé kò dáa, ohun kan ṣoṣo tí ọmọ yìí rò pé ìyá òun ṣe fún òun pẹ̀lú ìfẹ́ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí kò bá sọ ọ́, ọwọ́ Kékeré náà á bàjẹ́ nìyẹn.

"Ó dáa," ni ó wí.

Ọmọ rẹ̀ fún kókó náà le, ó jáde lọ ra òwú.

Ojú ti Ìyá, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ níwájú Kékeré, ó fẹ́ tú kókó náà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti di ti arúgbó. Kókó tirẹ̀ gan-an ni, irú èyí tó fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ mú àlùmọ́gàjí.

Kékeré kígbe. "Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò ní lò ó mọ́!"

"Kí ni o rò pé mo fẹ́ ṣe?"

"Mọ́mì ní tí mo bá tún lo òsì, ẹ̀yin lẹ máa fi àlùmọ́gàjí gé e. Wọ́n ní ẹ sọ ọ́ fún àwọn náà nígbà tí wọ́n wà ní kékeré."

Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ẹ̀fẹ̀ ló pè é nígbà náà.

"Etí aṣọ lásán ni mo fẹ́ gé, ọmọ mi."

Kékeré di ojú pinpin. Ìyá gé etí aṣọ náà, ó bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ọmọ náà ò kúrò níbi tí wọ́n so ó mọ́. Kékeré la ojú, ó wò ó bóyá ó ṣì wà, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì fi ọ̀tún mú ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀. Ó fa ìlà kan. Ìlà náà yà.

"Ẹ wò ó, Màmá àgbà," ó wí, ó ń nu omi ojú mọ́ èjìká. "Ọ̀tún ni mo fi ṣe é."