Ìsọmọlórúkọ Ìgò Kan ní Goresbrook

Èmi Ọmọ́ládé ni mo gbé ọtí wọ ilé Ọlọ́run, n kò ní purọ́. Ọtí ìrẹsì Jàpáánì ni, irú èyí tí wọn kì í gbé kaná, tó ṣì máa ń hó nínú ìgò, tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú òtútù. Bàbá Kuramoto, arúgbó ará Jàpáánì tí wọ́n ń sanwó fún mi láti tọ́jú ní Mayesbrook nílùú òyìnbó níbí, ló ni ín. Ìdílé wọn ló ń pọn ọ́n kí wọ́n tó ti ilé ìpọntí wọn pa. Ìgò tó gbẹ̀yìn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi, pé kí n fi ya bàbá lẹ́nu lọ́jọ́ Àìkú tó máa pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n àwa mẹ́fà la jọ ń lo fíríìjì kan nílé, ọwọ́ wọn kì í sì í kúrò lára ohun olóhun. Ni mo bá gbé e sínú fíríìjì ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Goresbrook, níbi tí mo ti jẹ́ olórí akọrin, tí ẹni tó bá fọwọ́ kan ọtí ti ń jókòó sẹ́yìn fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Ìjọ ṣí fíríìjì, kò lè ka èdè Jàpáánì tó wà lára ìgò, ṣùgbọ́n ó gbọ́ tí ìgò ń mí. Ó pe Wòlíì Dávídì. Òun náà gbé etí lé e.

"Nǹkan abẹ̀mí ni," ni Wòlíì wí. "Kò gbọdọ̀ wà nínú ilé yìí láìlórúkọ. On Sunday, after service, a máa sọ ọ́ lórúkọ."

Kò sí ẹnì kankan tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n tiẹ̀ yan àwọn tí yóò máa jókòó tì í bí ọmọ tuntun, kó má baà dá wà. Èmi ńkọ́? Mo ní, "Amen, sir." Ojo ni mí.

Ọjọ́ Àìkú pé. Ìyá Ìjọ fi aṣọ funfun wé ìgò, ó gbé e mọ́ àyà. Wòlíì gbé oyin àti iyọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdérí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé inú ọtí bàbá ni iyọ̀ yẹn ń lọ.

"Ẹ dákun, sir, ọtí ni," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé e wá. It's for my client. Kò sí òmíràn láyé mọ́."

Gbogbo ìjọ yíjú sí mi. Ojú tì mí. Wòlíì da iyọ̀ padà sínú àwo.

"So, ọmọ yìí ní bàbá," ló wí. "Sister Ládé, oṣù mẹ́ta, back seat. Ẹ̀yin tó kù, a ò lè sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí bàbá ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bí èèyàn ọgbọ̀n ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Mayesbrook nìyẹn, nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Bàbá Kuramoto ṣílẹ̀kùn, ó rí orúkọ ìdílé rẹ̀ lára ìgò, ó sì di ilẹ̀kùn mú. Mo ṣàlàyé ohun tí wọ́n bá wá. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ní Fumiko ni orúkọ ọmọ náà. Fumiko ni ìyàwó rẹ̀ tó kú.

Wòlíì gbàdúrà fún Fumiko, ìjọ ṣe àmín. Mo bu ọtí sínú ife fún bàbá. Ó gbé e sílẹ̀. Ó ní òun ò lè mu ún mọ́.

Inú bí mi gan-an. Èmi tí mo tìtorí ọtí yìí kúrò nínú akọrin. Mo sọ fún un pé a ti ṣí i, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, á ti bàjẹ́.

Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọdún méjì ni Fumiko fi ṣàìsàn kó tó kú, ojoojúmọ́ ló ń yí padà, òun ò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò sínú fíríìjì, ó ní kí n bá òun gbé àga sún mọ́ ọn, kí òun lè jókòó tì í. Mo gbé e. Ìyá Ìjọ wò ó títí, ó sì fa àga tirẹ̀ wá.