Ẹni Tó Túmọ̀ Ẹ̀rí Mi

"Kò ṣàn, ọ̀gá," Sagbo wí. Ó ti yí ẹ̀rọ ẹnu dúrọ́ọ̀mù náà síwá sẹ́yìn, ẹ̀kán kan kò jáde.

Ọmọ́níyì, ọ̀gá wa, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. "Ọkọ̀ Èkó máa gúnlẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí. Tí fáníṣì ò bá sí nínú agolo nígbà yẹn, ìwọ lo máa ṣàlàyé fún wọn o, kì í ṣe èmi."

Ọdún tí a gbọ́ pé wọ́n fi obìnrin jọba nílùú òyìnbó ni. Ọyẹ́ mú ní Àgbádárìgì débi pé àdí àgbọn dì gbagidi nínú ìgò ní gbogbo ilé. Ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn náà dì. Irú ọtí kan ni, kì í ṣe èyí tí ẹnu ń mu. Òun la fi ń yọ́ oje igi di fáníṣì tí wọ́n ń kùn sára pákó kó lè dán, nílé iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó dá sílẹ̀ létí ọ̀sà. Òórùn bíi ti kàfúrà ló ní, kàfúrà tí a fi ń tọ́jú òkú. Tí ooru bá mú, á máa ṣàn bí omi. Tí ọyẹ́ bá fẹ́ sí i, ó di òkúta.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká se omi gbígbóná," Sagbo tún wí. Ẹ̀gùn ni, Yorùbá ẹnu rẹ̀ a máa wọ́ díẹ̀. "Bí òyìnbó ìṣáájú ṣe máa ń ṣe é."

Òyìnbó ìṣáájú, èyí tó ti lọ sinmi nílé, ìta gbangba ni yóò ní kí a yí dúrọ́ọ̀mù sí, kí a gbé e sínú agbada ńlá, kí a máa bu omi gbígbóná tí a ti sè lókèèrè sí i. Kò ní gbà kí iná tàbí àtùpà wà nítòsí. Àní tábà tirẹ̀ gan-an, ẹ̀yìn ọgbà ló ti ń fà á. Á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ìka rìn nílẹ̀ bí ejò, á máa sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ ràì. Ọmọ́níyì ló yẹ kó túmọ̀ rẹ̀ fún wa. "Ó ní kí ẹ ṣọ́ra," ló máa ń wí, ó parí. Àwa ń rẹ́rìn-ín, a ṣe bí èèwọ̀ ìdílé wọn ni. Ó di ẹ̀yìn iná kí n tó mọ̀ pé ooru ọtí náà ni òyìnbó ń júwe, tí ojú kì í rí, tó wúwo, tó máa ń fà nílẹ̀ títí á fi débi tí iná wà.

"Omi wo?" Ọmọ́níyì jágbe. "Níbo ni agbada wà?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè o! Agbada wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fi ń se àdí tà. Gbogbo wa la mọ̀. Ta ló fẹ́ wí i kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

"Ṣé o ò rí àdí tó dì rí ni? Lọ wá iná sí i, jọ̀ọ́!"

Mo ní, "Ọ̀gá, òyìnbó ò fẹ́ iná nítòsí ẹ̀ o."

"Ìyá Mùsílíù, agolo ni wọ́n gbà yín pé kí ẹ máa rọ nǹkan sí. Ẹ kọjú sí agolo yín."

Sagbo wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nídìí àgbọn ni wọ́n ti wò ó dàgbà, kò sẹ́ni tó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ àdí: gbé e síbi tí ooru ààrò ti lè fẹ́ ẹ, kó o máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Kò sì gbé iná sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù o. Ó kó ẹ̀yinná sínú páànù, ó gbé e sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún, ó jìnnà dáadáa. Ó ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù kó lè máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nítorí ọyẹ́.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òórùn kàfúrà gba gbogbo ilé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí iná. Kì í ṣe ara dúrọ́ọ̀mù ló ti gbéra! Ìdí ògiri ló ti wá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló gbà, fìrì, ó ti dé ẹsẹ̀ Sagbo. Mo ké orúkọ rẹ̀. Igbe tí òun náà ké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n sọ ọ́.

Omi ọ̀sà la fi pa iná náà. Sagbo kú lọ́jọ́ kejì.

Òyìnbó kan wá láti Èkó láti wádìí. Ó jókòó sí ọ́fíìsì, ọlọ́pàá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣìkẹ́mi, ìyàwó Sagbo, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. Ohun kan ṣoṣo là ń wá. Tí òyìnbó bá gbà pé àṣẹ ọ̀gá ni Sagbo tẹ̀lé, ilé iṣẹ́ yóò gbọ́ bùkátà opó náà àti ọmọ rẹ̀. Tó bá ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á, ó tán nìyẹn. Òyìnbó kò gbọ́ Yorùbá, èmi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sì mọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ògbufọ̀? Ọmọ́níyì! Wọ́n ní òun nìkan ló kàwé nínú wa. Wọ́n gbé ẹjọ́ adìyẹ fún àwòdì.

Mo sọ ọ́, mi ò bo nǹkan kan. "Sagbo bèèrè omi gbígbóná. Ọmọ́níyì ló ní kó lọ wá iná. Ọmọ́níyì ló gbé agbada lọ sílé. Mo kìlọ̀, Ọmọ́níyì ní kí n kọjú sí agolo mi." Ojú rẹ̀ ni mo ń wò bí mo ṣe ń wí i. Kò mira. Nígbà tí mo dákẹ́, ó yíjú sí òyìnbó, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ẹ gbọ́, èdè lè yàtọ̀, orúkọ èèyàn kì í yí. Mo pe Ọmọ́níyì títí ẹnu mi fi gbẹ. Nínú gbogbo ohun tó sọ fún òyìnbó, kò dárúkọ ara rẹ̀ rárá. Sagbo ni mo ń gbọ́. Sagbo, Sagbo. Òyìnbó ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Irọ́ ni!" Mo fò dìde. "Kò sọ ohun tí mo wí! Ẹ wá ẹlòmíì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì!"

Òyìnbó bi í léèrè ohun tó ń ṣe mí. Ọmọ́níyì fajú ro bí ẹni tí àánú mi ń ṣe, ó fi ìka kan orí ara rẹ̀. Ọlọ́pàá mú mi lápá, ó tì mí jáde.

Ojú fèrèsé ni mo ti rí ìyókù. Òyìnbó kó ìwé rẹ̀, ó bọ Ọmọ́níyì lọ́wọ́, ó sì sọ̀rọ̀ kan sí Ṣìkẹ́mi. Ṣìkẹ́mi gbójú sókè sí ògbufọ̀.

"Òyìnbó ní kí Ọlọ́run tù ẹ́ nínú," Ọmọ́níyì wí. "Ó ní àìgbọ́ràn ọkọ ẹ ló pa á. Wọn ì bá ní kó o san owó ilé tó jó, ṣùgbọ́n mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti fi jì ẹ́."

Mo fẹ́ kó bú u. Mo fẹ́ kó tutọ́ sí i lójú! Ṣìkẹ́mi fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, ó fi èkejì gbá ikùn rẹ̀ mọ́ra, ó rọra kúnlẹ̀ síwájú Ọmọ́níyì.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní.