Kọ̀ǹpútà Tí Kò Fẹ́ Gbọ́ Orúkọ Wassila

Mondher ló gbé kọ̀ǹpútà náà wá láti Sousse láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni, tuntun fínnífínní, inú páálí funfun ló wà, ó sì fi ọ̀já pupa wé páálí ọ̀hún bí ẹrù ìyàwó. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ká oúnjẹ kúrò lórí tábìlì o! Àlejò pàtàkì dé!"

Wassila, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fi aṣọ ìnuwọ́ nu tábìlì náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà kí wọ́n gbé páálí lé e.

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni obìnrin yìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ìyá wọn kú, òun sì ni àkọ́bí. Ó fi ìwé sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, ó ń rẹ àwọn àbúrò mẹ́rin lẹ́kún. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, ó wọ ilé iṣẹ́ ẹja alágolo tó wà létí òkun ní Mahdia, ó sì fi ọdún méjìdínlógójì to ẹja sínú agolo àti agolo sínú páálí, títí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi di ohun tó ń sọ fún un ṣáájú rédíò bí òjò bá máa rọ̀. Nínú ẹja yẹn ni àwọn àbúrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kàwé jáde. Mondher tó kéré jù ń ta oògùn òyìnbó ní Sousse, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀.

Wassila fẹ̀yìn tì tán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí tí kò rí gbà nígbà náà. Nígbà tí àṣírí tú sí àwọn àbúrò lọ́wọ́, ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ sun lórí fóònù, kí wọ́n tó para pọ̀ ra kọ̀ǹpútà. Ọjọ́bọ̀ yìí gan-an, ní aago mẹ́rin ọ̀sán, ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́.

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n," ni Mondher wí. "Ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ kàn án. Èmi ò ní fọwọ́ bà á."

"Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ tọ́ èmi dàgbà, ẹ ò bà mí jẹ́. Ṣé ti kọ̀ǹpútà ló máa wá ṣòro?"

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò bà ọ́ jẹ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mondher fi hàn án ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀ yòò. Ó béèrè èdè tí Wassila ń sọ. Wassila na ìka kan ṣoṣo, ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ikùn ẹja wò bóyá kò tíì rà. Ó béèrè orílẹ̀-èdè, ó tẹ Tùnísíà. Lẹ́yìn náà ló béèrè orúkọ.

Ibí yìí ni Wassila ti jókòó dáadáa. Ó na ẹ̀yìn ró, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí kọ̀ǹpútà bí ó ṣe máa ń rí i táwọn akọ̀wé ń ṣe nínú tẹlifíṣọ̀n, ó wá lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀ kàn. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri.

"Mondher."

"Mo rí i. Ẹ má mikàn. Ẹ̀rọ tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó ti gbàgbé pé òun ò ní fọwọ́ bà á. Ó ki àtàǹpàkò bọ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí, ẹ̀rọ náà kú pátápátá, ó sì tún un tàn. Ó tún béèrè èdè, ó tún béèrè orílẹ̀-èdè. Wassila dá a lóhùn. Ó dé ibi orúkọ, Wassila gbé ọwọ́ lé e, òkùnkùn tún ṣú.

"Bóyá orúkọ mi ló gùn jù fún un."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì tẹ lẹ́tà kan!"

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé bákan náà. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Alhaja Mannoubia, aládùúgbò wọn, fi wọlé pẹ̀lú àwo tùràrí tó ń rú èéfín. Wọn ò ránṣẹ́ pè é. Ògiri ilé wọn ló fẹ́lẹ́, etí Alhaja sì mú.

"Ojú ni," ni Alhaja wí. "Ojú burúkú èèyàn ló bà á. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé irú nǹkan báyìí la àdúgbò kọjá láìbò ó?"

"Alhaja, inú páálí ló wà."

"Ta ló sọ fún ọ pé páálí ń dá ojú dúró? Sún sẹ́yìn."

Ó gbé tùràrí yí kọ̀ǹpútà ká lẹ́ẹ̀meje. Mondher ń húkọ́, Wassila ń rọra ṣí fèrèsé. Nígbà tí èéfín lọ tán, Mondher jókòó, òun fúnra rẹ̀ tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì gbà á! Ó kọjá síbi íńtánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn náà wọlé.

"Ẹ ò rí i?" Alhaja gbé àwo rẹ̀ sókè bí ife ẹ̀yẹ. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé!"

"Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ ó máa fi ṣí i," ni Mondher wí. "Ẹ̀yin lẹ ó fúnra yín tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n."

Wassila jókòó. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e. Òkùnkùn.

Alhaja Mannoubia wo àwo tùràrí rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ dalẹ̀ rẹ̀.

Ní nǹkan bí aago méjìlá, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Ibtihel. Obìnrin yìí ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn èbúté àwọn apẹja, ibẹ̀ ló ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe. Gíláàsì ojú rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ kéré, kì í sì í kánjú. Ó gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó gba kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó yẹ bátìrì wò, ó fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ bóyá ó ń gbóná. Ó pààrọ̀ okùn iná. Ó pa á, ó tàn án, lẹ́ẹ̀mẹrin. Odidi wákàtí kan, kọ̀ǹpútà ò ṣẹ́jú.

"Àǹtí, ara ẹ̀ le ju tèmi lọ," ni Ibtihel wí. "Àbí iná ilé yín ni ò dáa? Ẹ mú un lọ, ẹ má fi okùn iná sí i, ẹ fi bátìrì lò ó. Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan."

Wọ́n dé ilé. Wọn ò fi okùn iná sí i. Wassila tún ọwọ́ fọ̀ pàápàá, ó ní bóyá òórùn ẹja ọdún méjìdínlógójì ni kò jẹ́. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé e, kọ̀ǹpútà tún dákú.

Aago méjì ààbọ̀ ti lù. Mondher pe ẹni tó ta ọjà náà fún un ní Sousse. Onítọ̀hún ní kí wọ́n dá a padà, òun á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mondher fi fóònù sápò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe jẹ́ ká fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan péré lẹ máa pàdánù. Mo lè fi fóònù mi…"

Nǹkan kan ti ń rìn nínú Wassila látàárọ̀ tí kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ mọ̀. Bí Mondher bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí, ó ń ṣiṣẹ́. Bí Ibtihel bá fọwọ́ kàn án, ó ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló ń kọ̀. Ó ń rò ó pé àfàìmọ̀ kí nǹkan wọ̀nyí má mọ ẹni tó ni wọ́n, kí wọ́n má sì mọ ẹni tí kì í ṣe tiwọn. Ó wo àwọn ọwọ́ náà lórí itan rẹ̀, ó wò wọ́n títí, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Ọwọ́ tó gbọ́ bùkátà ilé yìí! Kí ni wọ́n ṣe tí ẹ̀rọ kan á máa dijú sí wọn?

Ó dìde, ó wé ìborùn rẹ̀ mọ́ra.

"Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Mondher. Ó tó gẹ́ẹ́. Gbé e, jẹ́ ká lọ."

Ibtihel ń jẹ búrẹ́dì ẹja lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ó rí ojú Wassila, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

"Ó tún ṣe é?"

"Ó tún ṣe é. Èmi nìkan ló ń ṣe é fún."

Ibtihel tẹjú mọ́ ọn. Ó fa àga tirẹ̀ jáde. "Ó dáa. Ẹ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Ẹ ṣe é gẹ́lẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é nílé. Ní ìṣẹ́jú yìí, ẹ̀yin ni mò ń tún ṣe, kì í ṣe kọ̀ǹpútà."

Wassila jókòó. Àwọn oníbàárà méjì tó wà níbẹ̀, apẹja àti ìyàwó rẹ̀, sún mọ́ ìtòsí. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ojú kọ̀ǹpútà pa rẹ́. Mondher na àtàǹpàkò sí bọ́tìnì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ibtihel fi ṣíbí gbá a lọ́wọ́. "Àǹtí, ẹ má mira. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè."

Ọwọ́ ọ̀tún lọ sókè. Òkùnkùn ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ gbé tòsì náà."

Ọwọ́ òsì lọ sókè, kọ̀ǹpútà sì mọ́lẹ̀ yòò bí ilé tí iná ọba dé sí.

"Ẹ sọ tòsì kalẹ̀." Òkùnkùn. "Ẹ gbé e." Ìmọ́lẹ̀. "Kalẹ̀. Sókè. Kalẹ̀."

Ìyàwó apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ibtihel di ọwọ́ òsì Wassila mú, ó fa apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ẹ̀gbà ọwọ́ dúdú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ bí ìka méjì. Ibtihel mú ìṣó kékeré kan lórí tábìlì, ó jù ú sí i. Kàǹ! Ó lẹ̀ mọ́ ọn.

"Irin òòfà," ni Ibtihel wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, irin òòfà wà létí ìdérí kọ̀ǹpútà yìí. Bẹ́ ẹ bá pa á dé, nǹkan kékeré kan lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń sinmi ló ń gbọ́ òórùn ẹ̀, á ní, 'Wọ́n ti ti ilé, ó yá ká sùn.' Ẹ̀gbà yín ló ń lọ sọ fún un pé ẹ ti pa á dé. Kò kú rí. Ó kàn ń sùn ni."

"Tí kò bá kú, kí ló dé tó fi ń bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo?" ni Wassila béèrè.

"Ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì mọ́ ọn lọ́rùn ló ń pa á lójú oorun."

Gbogbo wọn yíjú sí Mondher.

"Ṣùgbọ́n ibo lẹ ti rí ẹ̀gbà yìí, Àǹtí?"

Wassila ń fi ọwọ́ nu omijé ẹ̀rín, ó sì na ìka sí àbúrò rẹ̀. Mondher ti pọ́n bí ata.

"Nítorí ọrùn ọwọ́ wọn tó ń dùn ni," ló ń kùn. "Ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń tà á. Ó… ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

"Ó ń ṣiṣẹ́!" ni apẹja kígbe. "Àwa náà rí i!"

Ẹ̀rín yẹn ò tán bọ̀rọ̀. Mondher pàápàá di ikùn mú, ó jókòó sórí àpótí, ó ń ní, "Mo ra kọ̀ǹpútà fún yín, mo tún ra ọ̀tá ẹ̀ fún yín." Wassila bọ́ ẹ̀gbà náà, ó jù ú sí àpò Mondher. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni. Kò sí àyè láti padà sílé mọ́.

"Ẹ ṣe é níbí," ni Ibtihel wí. Ó kó gbogbo ẹrù orí tábìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí pátákó ẹnu ọ̀nà padà sí ẹ̀gbẹ́ tó sọ pé wọ́n ti tì.

Wassila gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni ò mí. Ó ní kí gbogbo wọn kọjú sí ògiri, wọ́n sì kọjú sí ògiri, àti apẹja àtìyàwó rẹ̀, ó wá tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n yíjú padà, kọ̀ǹpútà ń kí i káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin gééré, ojú èèyàn mọ́kànlá yọ nínú àwọn ihò kéékèèké lójú kọ̀ǹpútà, àwọn míì ní irungbọ̀n funfun, ọ̀kan wọ aṣọ ọlọ́kọ̀ takisí. Olùkọ́ náà jẹ́ obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ Wassila. Ó ń pe orúkọ.

"Wassila Ghedira?"

Nínú gbogbo ohun tó ti múra sílẹ̀ fún, Wassila ò rántí pé wọ́n máa pe orúkọ òun. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

"Mo wà ńbí, mà."

Ìṣirò ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Olùkọ́ béèrè pé bí a bá fẹ́ pín ẹgbẹ̀rún kan àti igba ohun kan sínú àpótí mẹ́rìnlélógún, mélòó ló máa wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan? Àwọn tó kù ń wá bírò kiri. "Àádọ́ta," ni Wassila dáhùn, kí olùkọ́ tó pa ẹnu dé. Ẹni tó ti to agolo ẹja sínú páálí fún ọdún méjìdínlógójì, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní pínpín?

"Ó tọ̀nà! Báwo lẹ ṣe tètè mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, Màdáàmù Wassila?"

"Mo ti ń ṣe é tipẹ́, mà. Mi ò kàn mọ̀ pé ìwé ni."

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí olùkọ́ ò lè rí wọn, Mondher àti ìyàwó apẹja ń pàtẹ́wọ́ láìjẹ́ kó dún.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, oòrùn ti ń rọlẹ̀ sórí àwọn ọkọ̀ ní èbúté. Mondher ní òun ti bá onílé oúnjẹ iwájú sọ̀rọ̀, wọ́n ń se kuskús ẹlẹ́ja dè wọ́n, Ibtihel àti Alhaja Mannoubia náà á bá wọn jẹ ẹ́, àwọn àbúrò tó kù sì fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù.

Wassila ò tíì dìde. Ó ti yá bírò lọ́wọ́ Ibtihel, ó ya ìwé kan lára ìwé rìsíìtì rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ibi tí olùkọ́ kọ àwọn ìbéèrè sí lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ, oúnjẹ á tutù."

"Ẹ ṣáájú," ni Wassila wí, kò gbójú sókè. "Wọ́n fún mi níṣẹ́ àṣetiléwá."