Ẹni Mẹ́ta Lórí Ṣéènì Kan

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ní Fìdítì, ẹ́ńjìnnì tí Fàòsíyà fi ń lọ ẹ̀gẹ́ já lulẹ̀, ó sì fọ́ ọwọ́ ọ̀tún Obadiah mẹkáníìkì.

Kò yẹ kó já. Obadiah fẹ́ gbé e kúrò lórí kọnkéré kó lè tún un ṣe; ó ti gbé irin mẹ́ta dúró, ó so orí wọn pọ̀, ó sì fi ṣéènì bùlọ́ọ̀kù kọ́ sí àárín wọn. Ẹ̀rọ yìí ni àwọn mẹkáníìkì fi ń gbé ẹrù wúwo. Kò lo iná, kò lo epo. Èèyàn á máa fi ọwọ́ fa ṣéènì rẹ̀, ẹrù á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ìlú ló ni ín. Obadiah ni wọ́n fi ṣọ́ ọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ra tó o láàárín wọn.

"Ìyá Habeebullah, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i," ni Obadiah wí fún Fàòsíyà. "Kí àwọn tó gbé ẹ̀gẹ́ wá náà sún."

"O ti wá sọ mí di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Bí ẹrù bá já, kò ní béèrè ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣáà sún, mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ṣéènì. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹ́ńjìnnì náà gbéra díẹ̀ lórí kọnkéré, ó dúró. Obadiah tún fà á. Ṣéènì le gbandi. Ó fi í sílẹ̀.

"Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?" Fàòsíyà béèrè.

"Kò rẹ̀ mí. Nǹkan kan ló dì í mú nísàlẹ̀, bóyá bóòtì kan tó dè é mọ́ kọnkéré ló kù. Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kó máa fa ẹ̀rọ yìí, mà. Bí agbára ẹnì kan ò bá ti ká a, a kì í pe ẹlòmíràn sí i. Ńṣe la máa ń wo ohun tó fà á."

Ibi tó sọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Alhaji Ṣàràfá fi dé. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Fàòsíyà. Ọkọ Fàòsíyà ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, orí ilẹ̀ ìdílé wọn sì ni ṣọ́ọ̀bù náà wà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Fàòsíyà kúnlẹ̀. Obadiah dọ̀bálẹ̀ tòun ti epo lọ́wọ́.

"Obadiah, ìwọ nìkan? Ṣé o bá gbogbo ìlú jà ni, tí kò sẹ́ni tó ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ni kò..."

"Sún fún mi jàre." Alhaji ti ń ká ọwọ́ jalàbíà rẹ̀ sókè. Ó kọjú sí àwọn ọkùnrin méjì tó gbé ẹ̀gẹ́ wá. "Ẹ̀yin géńdé wọ̀nyí, ẹ wá dúró síbẹ̀, ẹ ń wo ọmọ ọlọ́mọ níran! Ẹ bọ́ síbí!"

Ní Fìdítì, èèyàn kì í kọjá lára ẹni tó ń gbé ẹrù wúwo kó má bá a fọwọ́ sí i. Bí àgbàlagbà bá sì fọwọ́ sí i, ẹnì kan kì í sọ pé kó gbọ́wọ́ kúrò. Ẹ ṣeun ni wọ́n ń sọ. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń dúró rò ó.

"Bàbá, ẹ dúró ná," Obadiah wí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà rẹ́rìn-ín. "Ó fẹ́ dá gba gbogbo ìyìn ni!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró."

Fàòsíyà rí i pé ojú Alhaji ti ń fà ro. Ó dá sí i kíákíá. "Obadiah, àgbà ni wọ́n. Dúpẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n bá ọ fà á."

Obadiah wò ó. Kò lè gba ṣéènì lọ́wọ́ àgbà, ó kàn mú sípánà, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì láti wá bóòtì náà tú kó tó pẹ́ jù.

"Ó yá, bísímílà!" ni Alhaji ké. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fà á pọ̀.

Bóòtì já. Ẹ́ńjìnnì náà fò sókè, ó tún fi gbogbo ìwúwo rẹ̀ bọ́ padà sórí ṣéènì. Ìkọ́ tí wọ́n fi gbé e là gbalaja bí ẹni pé wáyà lásán ni. Fàòsíyà gbọ́ igbe Obadiah kó tó rí ẹ̀jẹ̀.

Ní Ọ̀yọ́, àwọn dókítà gé ìka mẹ́rin. Àtàǹpàkò nìkan ló kù.

Ní ọjọ́ Àìkú, Alhaji wá sí ilé Fàòsíyà. Ó jókòó dáadáa, ó mu omi, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé kò sí ẹ̀dá tó lè yẹ̀ ẹ́, pé ìfẹ́ ló kó àwọn dé ìdí ṣéènì, kì í ṣe ìkà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Ó ti ń dìde kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Ẹgbẹ́ mẹkáníìkì á pè ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàwó wa. Mo ti sọ fún alága wọn pé ọmọ náà ló fi ìkánjú ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹrù. Ìwọ sọ pé o ò gbọ́ nǹkan kan. Ká bo ara wa láṣìírí."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Fàòsíyà wí.

Olúbùsọ́lá, ìyàwó Obadiah, dé ní ọjọ́ kejì. Kò jókòó.

"Ìyá Habeebullah, wọ́n ní àwọn máa yọ orúkọ ọkọ mi nínú ẹgbẹ́. Wọ́n ní aláìbìkítà ni."

"Kọ́kọ́ mu omi ná."

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, mà. Kò lè di sípánà mú mọ́. Kó máa kọ́ ọmọ níṣẹ́ nìkan ló kù fún un. Ta ló máa fa ọmọ lé ẹni tí ẹgbẹ́ ti lé jáde lọ́wọ́? Ó ní òun sọ pé kí wọ́n dúró. Àwọn ọkùnrin méjì yẹn ní àwọn ò gbọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Fàòsíyà wo ilẹ̀. "Máa lọ sílé," ó wí. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti dé tán."

Lábẹ́ àtíbàbà ẹgbẹ́, wọ́n gbé ìkọ́ tó là náà sórí tábìlì. Alhaji jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn àgbà. Olúdáre, alága ẹgbẹ́, ní kí Fàòsíyà sọ tirẹ̀.

"Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í tò," ó wí. "Ohun tí mo rí ni mo máa sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Obadiah ní kí wọ́n dúró. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ló yẹ kó fà á. Ẹni mẹ́ta ló fà á. Èmi ni mo ní kó jẹ́ kí wọ́n fà á, nítorí mi ò fẹ́ kí inú bí àgbà."

Alága mú ìkọ́ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ṣé Alhaji gbọ́ nígbà tó ní kí wọ́n dúró?" alága béèrè.

"Wọ́n sún mọ́ ọn jù mí lọ. Èmi gbọ́."

Alhaji yíjú sí i. Kò pariwo. "Ìyàwó wa, ṣé ohun tí a jọ sọ nìyí?"

Fàòsíyà kúnlẹ̀ kó tó dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Bàbá. Èmi kàn ní mo gbọ́ ni."

Alhaji dìde, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó jáde.

Wọn ò yọ orúkọ Obadiah. Kó tó di pé òjò ọdún náà dá, ọmọ iṣẹ́ méjì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó máa ń jókòó lórí táyà, á máa fi ẹnu sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún wọn.

Ìdílé ọkọ ránṣẹ́ sí Fàòsíyà pé àwọn fẹ́ lo ilẹ̀ àwọn. Wọn kò bá a jà. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Ìmíní, níbi tí ó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnì kan ń gbé ẹ̀gẹ́ wá.

Nígbà tí Iléyá dé, ó wẹ àwọn ọmọ rẹ̀, Habeebullah àti Aaliyah, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, ó ní kí wọ́n lọ kí Alhaji, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Ó dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi dé.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n bi wá bóyá à ń ṣe dáadáa nílé ìwé," Habeebullah dáhùn. "Wọ́n fún wa lẹ́ran, wọ́n ní ká jẹ ẹ́ tán níbẹ̀ ká tó máa bọ̀."

"Ṣé wọ́n béèrè mi?"

Àwọn ọmọ náà wo ara wọn.

"Rárá," ni Aaliyah wí.