Omi Òkun fún Aboyún

Fìyìnfólúwa ń sáré gba òpópónà Rye Lane lọ, ó ń yà fún kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ó ń fo àpótí iṣu tí wọ́n tò síta. Wọ́n ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi òkun rẹ̀ lọ. Rosaline ìyá rẹ̀ ló gbé e. Ó sì mọ ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbé irú omi bẹ́ẹ̀ lọ.

Nílé, ẹranko kan wà nínú abọ́. Ẹni tó bá rí i á pè é ní ẹ̀ka ewéko funfun. Kò tó èékánná. Ṣùgbọ́n agbo ẹranko ni. Tíntìntín ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n so mọ́ra bí yàrá inú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀kan nínú wọn ti wú bí ìkòkò. Ẹyin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀; ẹyin náà pín, ó tún pín, ó di ọmọ rẹpẹtẹ tí wọ́n jọra wọn bí imúmu.

Iṣẹ́ ìwádìí Fìyìnfólúwa nìyẹn. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i kí ọmọ inú ìkòkò kan ṣoṣo jáde láàyè. Ó ti pàdánù wọn rí lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ yìí, ẹnu ìkòkò náà fẹ́ là. Omi inú abọ́ sì ti dàrú. Bí kò bá rí omi òkun tó mọ́ pààrọ̀ rẹ̀, inú ni wọn yóò kú sí. Omi ẹ̀rọ, ikú ni fún wọn.

Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó já wọlé. Àwọn aboyún jókòó, àwọn aláṣọ funfun ń kọrin yí wọn ká. Ìyá rẹ̀ wà nídìí bàsíà, ó ń da omi tí wọn yóò fi gbàdúrà ìbí wẹ́rẹ́ fún wọn láti inú kẹ́ẹ̀gì.

"Mọ́mì! Ẹ dúró!"

"Fìyìn! O wá!" Inú ìyá rẹ̀ dùn. "Ìgbà wo ni mo ti ní kí o bá mi bu omi òkun bọ̀. Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, mo ní, ọmọ yìí rántí mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Kò rántí. "Mọ́mì, omi àwọn ẹranko mi ni."

"Àwọn kòkòrò inú abọ́ yẹn?"

"Wọ́n fẹ́ bímọ! Ṣé ẹ ti da lọ́fínńdà sí i?"

Ìyá Jabez, tó ń darí àdúrà, gbé ìgò lọ́fínńdà sókè. "Inú bàsíà là ń dà á sí. A ò fi kan kẹ́ẹ̀gì. Kí ló fẹ́ bímọ?"

"Ẹranko òkun ni, Ìyá. Ẹyin kan, bí ọgọ́rùn-ún ọmọ."

"Ọgọ́rùn-ún kẹ̀?" Aboyún kan di ikùn mú. "Èmi tí mo lóyún ìbejì, mi ò lè dìde lórí àga! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lómi, kó tó kó o ràn mí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Rosaline," Ìyá Jabez ní, "ṣebí aboyún la gbé omi yìí wá fún? Aboyún kan ló kù sílé yín yẹn. Ẹ sáré!"

Wọ́n sáré. Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni Rosaline fi gba Rye Lane, kẹ́ẹ̀gì lórí, ó ń ké sí àwọn èèyàn: "Ẹ yà o! A ń rọbí nílé!"

Fìyìnfólúwa rọra pààrọ̀ omi. Ó ṣí aṣọ dúdú tó fi bo abọ́, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń pe àwọn ọmọ náà jáde. Ó gbé ojú lé maikirosikóòpù. Kò sí nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀.

Ẹnu ìkòkò là. Ọ̀kan yọ, róbótó, funfun, ó ń yí bí òòyì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì! Ẹ wá wò ó!"

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò. "Yéè! Wọ́n ń jáde! Fìyìn, èwo ni Táyé nínú wọn?"

"Ẹ bi wọ́n, Mọ́mì!"

Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń fò sókè títí aládùúgbò ìsàlẹ̀ fi gbá àjà.

"Lọ́jọ́ Sátidé, màá padà sí òkun," Fìyìnfólúwa wí. "Kẹ́ẹ̀gì méjì ni màá gbé lọ."

Omi tó kù nínú kẹ́ẹ̀gì kò kún ife.