Iwe Àkùkọ Baba Kíkẹ́lọmọ

Nínú ilé wa ní Èsìẹ́, olórí ilé ló ni iwe adìẹ. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, eyín ti tán lẹ́nu Ọlánípẹ̀kun ọkọ mi, àfi méjì tí kò kojú síra wọn. Ni Ọláyíwọlá, àbúrò rẹ̀, bá sọ iwe di tirẹ̀. Bó bá ń rún un, yóò máa wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ọkọ mi kékeré ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n bí ọkọ mi àgbà ṣe máa ń tẹjú mọ́ ọbẹ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Nígbà Kérésì, ọmọ wa Kíkẹ́lọmọ ti ilé-ìwé dé láti Òmù-Àrán. Mo rò ó fún un. Ó ní pùrótéènì ló pọ̀ nínú ẹran, pé ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, tí a wá ká jọ. Bó bá ṣe ká sí ni iṣẹ́ tó lè ṣe. Ó ní oje ìbẹ́pẹ tí kò pọ́n ní pùrótéènì tirẹ̀, iṣẹ́ ìyẹn sì ni kó máa já okùn àwọn yòókù, kí ẹran lè rọ̀.

Èmi tí n kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, mo gé ìbẹ́pẹ sínú ìkòkò tó ti ń hó. Iwe le bíi bàtà. Ọláyíwọlá gbà á, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kíkẹ́lọmọ náà rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyá, omi gbígbóná ti tú pùrótéènì ti ìbẹ́pẹ náà. Bó bá ti tú, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹyin tí a bá ti sè, ṣé ó tún ń di omi?"

Lọ́jọ́ ọdún tuntun, òun fúnra rẹ̀ gé iwe wẹ́wẹ́, ó fi oje funfun náà pa á lára, ó sì bò ó sílẹ̀ kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí a dé ló tó dáná.

Ọláyíwọlá ti nawọ́. Ọkọ mi fa àwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó fi erìgì rún un, ó gbé e mì, ó mú òmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eyín yín tún hù ni?"

Ọkọ mi ti ọrùn adìẹ sí i níwájú. "Eyín ọmọ mi ni mo fi jẹ ẹ́. Ìwọ máa jẹ ìyẹn."