Etí Aṣọ

"Fa inú rẹ," ni Eldrid wí, ó sì tún fa ìkọ́ aṣọ náà.

"Mo ti fà á, Màmá. Kò sí inú tí mo fẹ́ fà mọ́."

Ìkọ́ àti ojú rẹ̀ kò kan ara wọn. Ẹ̀wù funfun abẹ́ yọ láàrin wọn bí eyín. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù lẹ́ẹ̀kan. Òwúrọ̀ yìí ni àlùfáà yóò gbé ọwọ́ lé Ingunn ọmọ rẹ̀ lórí, ní àfonífojì yìí sì rèé, kí wọ́n tó bá ọmọ yọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán búnáàdì, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, tó wà lọ́rùn rẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ọmọ tí wọ́n ra tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù fi ń dáhùn.

Nítorí ìbéèrè yẹn ni Eldrid ṣe kọ́ ìránṣọ. Ọmọ ìlú ńlá Oslo ni. Kò mọ̀ ju kó rán bọ́tìnnì lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, Torgunn, tí abẹ́rẹ́ ń bẹ̀rù ní gbogbo àdúgbò, ló ń kọ́ ọ. Torgunn á yí ẹ̀yìn òdòdó tí Eldrid fi òwú kó sára aṣọ síta, á ní, "Ṣé adìẹ ló ta ilẹ̀ síbí?" Á sì fi àlùmọ́gàjí tú gbogbo rẹ̀. Eldrid á tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀yìn òdòdó rẹ̀ fi mọ́ bí iwájú, tí ìyá àgbà kò rí nǹkan tú mọ́.

"Tú u lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un," ni Torgunn wí láti orí àga ẹ̀bá fèrèsé, kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Àbí o rò pé kò ní sanra ni?"

Eldrid yí inú aṣọ náà síta. Kò sí ohun tó fẹ́ tú. Etí aṣọ fífẹ̀ tí àwọn ìyá ibí máa ń fi sílẹ̀ nínú, kí búnáàdì kan lè bá ọmọ dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló gé e dànù, ó gé e tínrín, bó ṣe gé ti aṣọ ẹ̀ẹ̀rùn tó fi kọ́ṣẹ́.

Ó rántí ọjọ́ náà.

"Ẹ wà níbí, Màmá. Orí àga yẹn lẹ wà nígbà tí mò ń gé e. Ẹ ní, 'Ó mọ́ o, ìyàwó.'"

"Àbí kò mọ́?"

Ìyìn kan ṣoṣo tí Eldrid gbà lẹ́nu rẹ̀ rí nìyẹn.

Torgunn gbé kọfí sílẹ̀, ó tú àpò rẹ̀. Búnáàdì mìíràn ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́, gbogbo ìkọ́ rẹ̀ ń dán. "Mo kàn ní kí n má káwọ́ gbera ni."

Ingunn wo aṣọ, ó wo ìyá rẹ̀, ó tún wo aṣọ. "Màmá, wọ́n máa tó lu agogo kejì."

Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Asgjerd aládùúgbò fọwọ́ ra apá aṣọ náà. "Ta ló rán an?"

"Màmá àgbà ni."

"Mo ti mọ̀. Ìyá ẹ wá ńkọ́?"

"Wọ́n bá mi de ìkọ́ rẹ̀."

"Ìyẹn náà, iṣẹ́ ni," ni Asgjerd wí, àwọn obìnrin sì rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Torgunn kò dákẹ́. Ó ń gba kú iṣẹ́ lọ́tùn-ún lósì.

Ìjókòó tó wà lẹ́yìn Ingunn gan-an ni Eldrid jókòó sí. Ibẹ̀ ló ti rí i. Láàrin èjìká ọmọ náà méjèèjì, ojú ìránṣọ jìnnà síra wọn, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ fo ibì kan pátápátá. Ojú Torgunn kò ríran dáadáa mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, nítorí ta ló tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò? Bí Ingunn bá ti mí, òwú á tún yọ díẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ tó sì tẹ orí ba, ẹ̀yìn aṣọ náà yóò ya lójú gbogbo ìjọ.

Abẹ́rẹ́ tó ti fi òwú sí wà nínú báàgì rẹ̀. Ojú ìránṣọ mélòó kan péré ló máa gbà á. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, abẹ́rẹ́ gún un ní ìka.

"Ó mọ́ o, Màmá," ló sọ sétí Torgunn tó jókòó tì í.

Ìyá àgbà mi orí, inú rẹ̀ dùn.

Eldrid yọ ọwọ́ jáde lófìfo, ó pa báàgì dé. Tẹ́lẹ̀, ó ti rò pé ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu Torgunn lọ́jọ́ tí òun ń gé etí aṣọ. Ní báyìí tí òun náà ti sọ ọ́, ó mọ̀ pé kò korò rárá.

Àlùfáà pe orúkọ Ingunn. Ọmọ náà dìde, ó wẹ̀yìn wá ìyá rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.